Àgádágodo Tó Bá Láptọ́ọ̀pù Mi Wọ Ọkọ̀ Òkun

Ìyá àgbà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n sì ń ki oríkì àbúrò wọn tó ṣaláìsí fún mi láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Àwọn ló dàgbà jù nínú ẹbí náà, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ oríkì ọ̀hún dé ibi tí wọ́n mọ̀ ọ́n dé. Bí wọ́n bá kì í síwájú díẹ̀, wọ́n á dánu dúró, wọ́n á fi etí ìró nu ojú, wọ́n á ní, "O ti kọ ìyẹn, ọmọ mi?" Èmi náà á ní, "Mo ti kọ ọ́, mà. Ẹ máa bá a lọ, mà."

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo máa ń to ìwé sílẹ̀ fún àwọn onítẹ̀wé: ètò ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú, káàdì ìpè, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú yìí jẹ́ ojú ewé 16, oríkì ló sì gba ojú ewé 3 nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí àti àmì ìdí nísàlẹ̀, torí pé ẹni tí yóò kà á níwájú pósí lè má gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Bí àmì bá yẹ̀, yóò pe ọkọ ní ọkọ̀ lójú gbogbo ẹbí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé ìyá àgbà padà sí Ìjẹ̀bú.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, láptọ́ọ̀pù mi kò ṣí mọ́.

Windows ló ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n mú iná. Bátìrì ti gbó, kò lè dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi fi máa fa jẹnẹrétọ̀ tán, láptọ́ọ̀pù ti kú fin-ín. A tún un tàn. Ojú rẹ̀ dúdú, àwọn tóótòòtó funfun ń yí po, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń múra àtitún ara òun ṣe, ó ṣókùnkùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Mo wò ó bẹ́ẹ̀ láti aago méje títí di aago mẹ́sàn-án. Sátidé ni ìsìnkú. Ẹ̀rọ Kord tó máa tẹ ìwé náà ń dún lẹ́yìn ògiri wa bó ṣe máa ń dún. N kò sì tíì ṣẹ̀dà fáìlì náà síbi kankan, torí ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń kó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ sínú fíláàṣì.

Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi wá bá wa dá sí i. Ó wò ó, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀. Kò ní gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ."

Ọmọ dáadáa ni, ohun tí gbogbo wa sì ń sọ ló sọ. Ní Èkó yìí, fọ́máàtì ti di àgbo tí a ń fún gbogbo aláìsàn mu. Kọ̀ǹpútà ń falẹ̀, fọ́máàtì. Ó ń gbóná, fọ́máàtì. Kò ṣí, fọ́máàtì. A kì í sì í béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ kí a tó nù ún. Mo sọ ohun tó wà nínú tèmi fún un. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn ò ṣeé fọ́máàtì."

Ohun tó fọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ ni pé Windows ló wó lulẹ̀, dísìkì kò wó. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì láptọ́ọ̀pù, kì í ṣe Windows ló kọ́kọ́ ń jí. Sọ́fíwià kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ tó ń jí ṣáájú. BIOS ni orúkọ rẹ̀ láti ìgbà tí IBM ti gbé PC jáde ní 1981. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ìsinsìnyí ni à ń pè ní UEFI, bó tilẹ̀ jẹ́ pé BIOS náà ni ẹnu gbogbo wa ṣì ń pe é. Òun ló máa wo mẹ́mọ́rì, tó máa wo kíbọ́ọ̀dù, tó sì máa wá ẹni tó máa fa ẹ̀rọ lé lọ́wọ́. Bó bá fà á lé Windows lọ́wọ́, tí Windows bá ṣubú, ó ṣì lè fà á lé ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn yẹn lè jẹ́ Linux, sọ́fíwià tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, tó wà lórí fíláàṣì. Inú mẹ́mọ́rì ni Linux bẹ́ẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́, kì í fọwọ́ kan dísìkì àfi tí èèyàn bá ní kó fọwọ́ kàn án. Mo rò ó pé tí mo bá ti wọlé láti ojú fíláàṣì, màá ṣí dísìkì mi, màá da fáìlì kọ sórí fíláàṣì mìíràn, ó parí.

Fíláàṣì kò wọlé.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe kò dáa. Mo fi fóònù gba Linux Mint, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó GB 3, mo sì dà á kọ sórí fíláàṣì bí èèyàn ṣe ń da orin kọ. Fáìlì ISO ni wọ́n ń pè é, odidi dísìkì tí wọ́n ká sínú fáìlì kan, kì í ṣe orin. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Ṣómólú máa tètè yé: tí o bá ká pléètì sínú báàgì, tí o gbé báàgì sórí ẹ̀rọ, ìwé kankan ò ní jáde. O ní láti tú pléètì náà, kí o fi kọ́ ibi tí ẹ̀rọ ti máa rí i. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe gbé láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá, a fi sọ́fíwià tó ń jẹ́ Rufus tú ISO náà sórí fíláàṣì bó ṣe yẹ. Gbogbo ohun tó wà lórí fíláàṣì ló máa ń nù, nítorí náà fíláàṣì tí kò sí nǹkan gidi lórí rẹ̀ ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn èyí la ṣe ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù ní gbogbo alẹ́ yẹn. A ki fíláàṣì náà bọ láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, a pa á, a tàn án, a tẹ F12. Àmì Linux Mint yọ. Torí náà fíláàṣì kò ṣẹ̀. Bí a kò bá ṣe ìyẹn, ilẹ̀ ì bá mọ́ bá wa nídìí fíláàṣì, à ń nù ún, à ń tún un ṣe, nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é.

Ìgbà tó kan láptọ́ọ̀pù tèmi, mo tẹ bọ́tìnnì tó ń mú mẹ́nù ìbẹ̀rẹ̀ wá, níbi tí èèyàn ti ń yan ohun tí ẹ̀rọ máa fi jí. (Ó yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì. F12 ni Dell àti Lenovo, F9 ni HP, Esc tàbí F8 ni ASUS. Kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ti tàn án, torí kì í dúró dè yín.) Mẹ́nù náà jáde. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Windows Boot Manager. Fíláàṣì kò sí níbẹ̀ rárá.

Mo yọ ọ́ lójú ihò kan, mo ki fíláàṣì náà bọ òmíràn, torí àwọn ẹ̀rọ kan kì í ka ojú ihò USB 3.0 nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Kò sí níbẹ̀. Mo rò ó pé bóyá bí a ṣe pín fíláàṣì náà ni kò bá a lára mu. BIOS àtijọ́ máa ń wo báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí dísìkì, ibẹ̀ ni yóò ti rí ohun tí yóò ṣe. Ètò ìpín tó bá a lọ ni MBR. UEFI kì í wo ibẹ̀. Fódà tó ń jẹ́ EFI ló ń wá, lórí ìpín tí a fi FAT32 ṣe, kó lè rí fáìlì BOOTX64.EFI níbẹ̀. A padà sí Rufus, a mú GPT, ètò ìpín tó bá UEFI lọ, dípò MBR, a tún un ṣe. Ó tún ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ti ọmọkùnrin yẹn. Lórí tèmi, Windows Boot Manager nìkan.

Ó ti ń lọ sí aago mẹ́wàá àbọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Àǹtí, bóyá ká kàn tún oríkì yẹn tẹ̀." N kò dá a lóhùn. Mo mọ̀ pé mi ò lè rántí ìlàjì rẹ̀, ìyá àgbà yẹn kò sì lo fóònù fúnra wọn.

Ibi tó yẹ kí n kọ́kọ́ lọ ni mo lọ gbẹ̀yìn. Mo tẹ F2, mo wọ inú BIOS. Mo ti pinnu pé Secure Boot ni ọ̀daràn, èyí tó bá Windows 8 wọlé ní 2012, tó jẹ́ pé sọ́fíwià tí a fi kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ mọ̀ buwọ́ lù nìkan ló ń gbà wọlé. Ó wà ní títàn lóòótọ́, àmọ́ Linux Mint ní ìbuwọ́lù tirẹ̀, kò yẹ kó dí i lọ́wọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ síwájú sí i. Mo rí ìlà kan tó sọ nípa bíbẹ̀rẹ̀ láti ojú USB. Wọ́n ti pa á. Mo fẹ́ tàn án. Ìlà náà jẹ́ eérú, kò gbọ́ títẹ̀. Mo wòkè, mo rí àwòrán àgádágodo kékeré kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó sọ pé alábòójútó ti fi páásíwọ́ọ̀dù sí i.

Èmi kọ́ ni mo fi sí i. Ọdún méjì ni mo ti ń lo láptọ́ọ̀pù yẹn. Tòkunbọ̀ ni mo rà á.

Mo jókòó, mo ń wo àgádágodo yẹn. À ń fi Tòkunbọ̀ sọ ọmọ tí a bí sókè òkun tó wá bá wa nílé, a sì mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á ti kọ́ ìwà kan níbẹ̀ kó tó dé, ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé àwọn tó tọ́ ọ níbẹ̀ ló mọ ìdí ẹ̀. A kì í rò ó bẹ́ẹ̀ tó bá di ẹ̀rọ. A máa ń wo ara rẹ̀ bóyá ó họ, a máa ń wo bátìrì, a máa ń béèrè iye mẹ́mọ́rì. A kì í béèrè pé àṣẹ ta ló ṣì wà lórí rẹ̀.

Ẹnì kan, ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní mọ̀ láéláé, ló jókòó lọ́jọ́ kan tó ti ilẹ̀kùn yẹn. Mo bínú sí i lálẹ́ yẹn. Nígbà tí mo rò ó síwájú, mo rí i pé ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an ló dènà. Ẹni tó bá lè fi fíláàṣì bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò nílò páásíwọ́ọ̀dù Windows mọ́. Bí wọn kò bá fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti ohun tó wà lórí dísìkì, gbogbo ìwé inú rẹ̀ ló lè kó lọ. Ó ń ṣọ́ ẹrù àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni, ó sì ṣọ́ ọ dáadáa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló gbàgbé láti yọ nígbà tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ náà síta. Láti ọwọ́ rẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó kó o wọ kọ̀ǹténà, dé ọwọ́ ẹni tó tà á fún mi, kò sí ẹni tó ṣí BIOS wò, tàbí kí wọ́n ti wò ó kí wọ́n má sọ.

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, mo wọ dánfó ní Onípáànù, ó di Ìkejà. Ẹni tó bá ti wọ Computer Village rí mọ bó ṣe rí ní àdúgbò Òtìgbà: kí ẹsẹ̀ èèyàn tó kúrò lójú títì, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta á ti máa bi í, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ rà? Ẹ fẹ́ tà á ni?" Mo di láptọ́ọ̀pù mi mú mọ́ àyà. Ẹni tó tà á fún mi kò sí níbi tí mo ti rà á mọ́. Ẹni kejì tí mo bá ní bọ́ọ̀dù ẹ̀ ti jóná, kò tíì tàn án wò o. Ẹni kẹta ní kí a yọ bátìrì pẹlẹbẹ inú ẹ̀, CR2032 yẹn, páásíwọ́ọ̀dù á lọ. Òótọ́ ni èyí lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́. Lórí láptọ́ọ̀pù tí a ṣe fún ọ́fíìsì, inú ṣíìpù tí kò nílò bátìrì ni wọ́n máa ń kọ páásíwọ́ọ̀dù náà sí. Ó yọ bátìrì, a dúró, ó dá a padà. Aago ẹ̀rọ ló gbàgbé ọjọ́. Àgádágodo wà níbẹ̀.

Ẹni kẹrin ni bàbá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n so gíláàsì mọ́rùn. Mo kí wọn, mo sọ ọ̀rọ̀ mi látìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò tàn án. Wọ́n yí i dojú bolẹ̀, wọ́n fi èékánná tọ́ka sí ibì kan lábẹ́ rẹ̀, onígun mẹ́rin, tó mọ́ ju ara tó kù lọ.

"Ṣé ẹ rí ibí yìí? Sítíkà ọ́fíìsì ló wà níbẹ̀. Wọ́n ya á ni. Èyí tó bá ti ní irú àpá yìí, ẹ máa retí páásíwọ́ọ̀dù."

Ọdún méjì ni mo ti ń rí àpá yẹn. Mo rò pé ibi tí ó ti họ ni.

Wọ́n ní àwọn lè tú bọ́ọ̀dù sílẹ̀, kí àwọn fi ẹ̀rọ kékeré kan gbá ṣíìpù BIOS náà mú, kí àwọn nu páásíwọ́ọ̀dù kúrò. Ó máa gba ọjọ́ kan, ó sì lè pa láptọ́ọ̀pù náà pátápátá. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà lè ṣí i fún ẹni tó bá ní rìsíìtì, ibo lèmi sì ti fẹ́ rí rìsíìtì ọ́fíìsì ìlú òyìnbó. Wọ́n wá wò mí, wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí n kò bi ara mi ní gbogbo òru.

"Àǹtí, ṣé láptọ́ọ̀pù lẹ ń wá ni, àbí fáìlì?"

"Fáìlì ni, sà."

"Ẹ wá jẹ́ ká fi ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀."

Wọ́n mú sikiru-dẹ́ráfà, wọ́n tú ìdí láptọ́ọ̀pù, wọ́n fa dísìkì jáde. SSD pẹlẹbẹ ni, kò tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Wọ́n ki dísìkì náà bọ kéèsì tó ní wáyà USB, wọ́n fi so mọ́ kọ̀ǹpútà tiwọn. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n sọ fún mi pé ìgbà tó burú jù ni ìgbà tí dísìkì bá ní BitLocker lórí, àgádágodo tí Windows máa ń fi ti dísìkì fúnra rẹ̀: yóò béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48, ẹni tí kò bá sì ní in, ó di kó gbàgbé rẹ̀. Inú ẹ̀rọ ni àgádágodo tèmi wà, kò sí lórí dísìkì. Kọ̀ǹpútà wọn dún kín-ín. Fódà mi yọ. Ó ní n kò ní àṣẹ láti ṣí i, wọ́n tẹ ìtẹ̀síwájú, nǹkan aláwọ̀ ewé kan ń rìn lókè, ó rìn, ó rìn.

Fáìlì náà wà níbẹ̀. Mo ṣí i, mo lọ tààrà sí ojú ewé oríkì, mo sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ níwájú bàbá yẹn, pẹ̀lú ohùn, títí dé ibi tí ìyá àgbà ti nu ojú wọn. Gbogbo àmì pé. Bàbá náà kò sọ nǹkan kan. Wọ́n bọ́ gíláàsì wọn títí mo fi kà á tán.

A tẹ ìwé náà mọ́jú Sátidé.

Mo ṣì ń lo láptọ́ọ̀pù yẹn. Orí kọ̀ǹpútà bàbá yẹn la ti fi Windows tuntun sórí dísìkì kí a tó dá a padà sínú rẹ̀. Àgádágodo ṣì wà níbẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn báyìí ni àwọn tó fẹ́ rà. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 October 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan tó ń wà nínú ẹ̀rọ, àti ṣíìpù tí kò pẹ́ jù, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì lókè òkun yóò máa tú kọ̀ǹpútà wọn síta, ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń bọ̀. Màá fẹ́ kí àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyẹn yọ kọ́kọ́rọ́ wọn kí wọ́n tó tà á. Màá fẹ́ kí àwọn tó ń tà á fún wa ní Ìkejà ṣí BIOS wò, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá rí, kódà bí owó rẹ̀ bá máa wálẹ̀ nítorí ẹ̀. Ẹni tó ń ra irinṣẹ́ tó fẹ́ fi jẹun lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ọmọ iṣẹ́ mi ń múra fíríídọ̀ọ̀mù rẹ̀, ó sì fẹ́ ra tirẹ̀. Mo tẹ̀ lé e lọ sí Ìkejà, fíláàṣì Linux ọjọ́sí wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Níbi àkọ́kọ́, mo ní kí ọmọkùnrin tó ń tà á pa láptọ́ọ̀pù náà, kó tún un tàn, mo sì ń tẹ F2. Ó ní, "Àǹtí, kí lẹ ń wá níbẹ̀?" Páásíwọ́ọ̀dù ló jáde. Níbi kejì, páásíwọ́ọ̀dù. Ní ibi kẹta, a wọlé láìsí ìbéèrè, mo yí USB sí títàn, ó gbà, mo pa á, mo ki fíláàṣì bọ̀ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ló tẹ F12 fúnra rẹ̀. Orúkọ méjì ló jáde. Ó yan èkejì, àmì Mint yọ lójú dúdú yẹn, ó sì wò mí kó tó ki ọwọ́ bọ báàgì láti ka owó.